Mo fẹ́ lọ kọ́ àkàrà dídín ní Bàhíà: ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ?

Ọmọ Alákàrà (olùbéèrè): Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. London ni mo ń gbé, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ sí Salvador, olú ìlú Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kẹsàn-án. Oúnjẹ ló ń gbé mi lọ: mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe acarajé, ìyẹn àkàrà tiwọn, àti vatapá tí wọ́n ń bù sí i, lọ́wọ́ àwọn tó jogún rẹ̀. Ilé ìtura tí mo fẹ́ dé sí ní kíláàsì oúnjẹ sísè oníwákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwòrán rẹ̀, mo rí i pé gbogbo nǹkan ni wọ́n ti gé, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n sì ti bù sínú abọ́ kéékèèké kí àlejò tó dé. Èmi tí ìyá ìyá mi fi àkàrà tọ́ ọmọ márùn-ún, kí ni mo fẹ́ kọ́ níbẹ̀? Ọkàn mi kò sì balẹ̀ lórí ìrìn-àjò náà fúnra rẹ̀, nítorí pé èéfín ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe kékeré, n kò sì fẹ́ kí owó tí mo bá ná bọ́ sápò ẹni tí kò bó ẹ̀wà rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ará Ìbàdàn: Ẹ má bínú, ṣé dandan ni kí ènìyàn kọjá òkun kí ó tó kọ́ àkàrà? Alákàrà wà ní ojúlé wa níbí, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ìyá Táíwò: Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo gbé Salvador fún ọdún méjì. Àkàrà àti jẹ ni wọ́n so pọ̀ di acarajé, ẹ̀wà funfun olójú dúdú náà ni wọ́n sì ń bó, ṣùgbọ́n wọn kì í lọ ata mọ́ ọn. Àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ni. Epo pupa, tí wọ́n ń pè ní dendê, ni wọ́n fi ń dín in, nígbà tí òróró ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ alákàrà wa. Wọ́n a sọ odidi àlùbọ́sà kan sínú epo gbígbóná náà kí epo má baà jó. Bí àkàrà bá jinná, wọ́n á là á, wọ́n á sì bu vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì rírẹ, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kajú àti omi tí a fún lára àgbọn, tí wọ́n rò pọ̀ títí ó fi ki. Bí alákàrà bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ ní gbígbóná, ata ni ó ń béèrè, kì í ṣe iná.

Ní ọdún 2005 ni IPHAN, àjọ ìjọba Bràsíl tí ń dáàbò bo ohun àjogúnbá, kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bàhíà sínú ìwé ohun ìní orílẹ̀-èdè náà. Ẹgbẹ́ wọn tí ń jẹ́ ABAM wà nínú ìlú. Ẹ béèrè níbẹ̀ ẹni tó lè gbà yín sílé ìdáná rẹ̀.

Arìnrìn-àjò: Ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo sanwó kíláàsì fún ní tèmi. Bí a ti ń fọ abọ́, mo bi ìyá tó kọ́ wa pé èló ló kàn án, iye tó sì dárúkọ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí mo san. N kò mọ ibi tí ǹ bá gbé ojú sí. Ẹ bi alákàrà náà ní iye tí yóò gbà, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́ fúnra yín, ẹ má sì bá a nájà bí ẹni wà ní Bódìjà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ bá a lọ sí ọjà São Joaquim láàárọ̀. Bí ó ti ń fi imú yan edé, kíláàsì ilé ìtura kò lè kọ́ yín ní ìyẹn.

Ìyá Táíwò: Lórí èéfín: ẹ má tún wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Rio. Bọ́ọ̀sì yóò gbé yín láti Salvador dé ìlú Cachoeira ní bíi wákàtí méjì, ẹ óò sì rí maniçoba níbẹ̀, ewé ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tí wọ́n ń sè fún ọjọ́ púpọ̀ kí májèlé inú rẹ̀ lè kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ moqueca, ọbẹ̀ ẹja wọn, ẹ béèrè irú ẹja tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní cação, ekurá ni, ẹja tí kì í tètè bímọ, tí àwọn apẹja sì ti ń pa ní àpajù. Ẹ ní kí wọ́n fi òmíràn ṣe é. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà tí wọ́n so mọ́ Ìbejì wa, caruru onílá ni wọ́n sì ń sè, tí ọmọ méje yóò kọ́kọ́ jẹ. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ gba ọ̀bẹ, ẹ bá wọn rẹ́ ilá, kí fóònù wà nínú àpò.

Ọmọ Alákàrà: Ẹ ṣeun gan-an ni, àti Ará Ìbàdàn náà. Mo ti fagi lé kíláàsì ilé ìtura. Ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ èdè Pọtogí ti bá mi bá ìyá alákàrà kan sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ iye rẹ̀, mo sì gbà. Ó ní kí n dé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí n sì gé èékánná mi, nítorí pé èmi ni yóò bó ẹ̀wà.