Kílófà tí mo gbìn mọ́ koríko l'Ódẹ̀dá ti kú tán o

Olóko Òdẹ̀dá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn. Àgùntàn 14 ni mo ń sìn, koríko gíníì ni mo sì gbìn fún wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó yọ gan-an, àmọ́ lọ́dún yìí ńṣe ló ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo rí i lórí fóònù pé ńṣe ni àwọn ará New Zealand máa ń gbin kílófà funfun, ewéko kékeré kan tí ẹran máa ń jẹ, mọ́ koríko tiwọn. Mo ra irúgbìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó hù lóṣù kẹfà, inú mi ń dùn. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, mi ò rí ewé kan mọ́. Ṣé ilẹ̀ mi ni, àbí ọwọ́ mi?

Ìyá Ẹlẹ́ran Òṣíẹ̀lẹ̀:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọmọ ilẹ̀ òtútù ni kílófà, kò lè fara da ooru wa. Sítáílò ni kó o wá, ewéko tí ẹran ń jẹ, tó sì lè fara da ooru. Ìdílé ẹ̀wà ni òun náà, bíi kílófà. Fa ẹ̀wà kan tu lóko, wàá rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò rẹ̀. Fi èékánná bẹ́ ọ̀kan. Tí inú ẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ó ń fa náítrójìn, oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, látinú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ á sì jẹ níbẹ̀ bó bá yá.

Ojú tèmi náà ti rí nǹkan. Mo kọ́kọ́ fọ́n irúgbìn sítáílò gbẹrẹfu, díẹ̀ péré ló hù, torí èèpo ẹ̀ le. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo rẹ ẹ́ sínú omi tó gbóná tí kò tíì hó, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ìyẹn hù! Ni mo bá tún jẹ́ kí gíníì ga dé àyà mi, ó ṣíji bò ó pa. Ará ilé burúkú ni gíníì, ó fẹ́ràn oòrùn fún ara ẹ̀ nìkan. Ní báyìí, lójò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni mo máa ń gé e. Má sì da ajílẹ̀ yúríà sí i o, gíníì ló máa jẹ ẹ́, táá fi fún ìkejì ẹ̀ lọ́rùn.

Olóko Òdẹ̀dá:
Màmá, ẹ ṣé gan-an. Tí àwọn àgùntàn mi bá jẹ sítáílò, inú wọn ò ní wú? Ewúrẹ́ 2 kú ládùúgbò wa lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ewé ẹ̀wà tútù.

Àgbẹ̀ Ìtòkò:
Wọ́n fi ebi wọ inú oko ẹ̀wà náà ni, àbí? Jẹ́ kí àwọn àgùntàn ẹ jẹ koríko gbígbẹ kí wọ́n tó jáde, kó o sì dúró kí ìrì gbẹ. Sítáílò kì í sábà wú wọn níkùn. Fún ẹ̀ẹ̀rùn, ri igi àgúnmánìyẹ́ mọ́ ọgbà. Tí wọ́n bá kọ ewé ẹ̀ ní tútù nítorí òórùn, jẹ́ kó rọ ná.

Ìyá Ẹlẹ́ran Òṣíẹ̀lẹ̀:
Òótọ́ ni. Èmi ti gbàgbé àgúnmánìyẹ́! Irúgbìn sítáílò ṣì kù nínú ike bọ́tà kan nílé mi. Tójò bá ti fìdí múlẹ̀, máa bọ̀ wá mú díẹ̀.