Ibo lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ àwo Paul Simon tó dárúkọ Olódùmarè?

Ọmọ Àdùkẹ́
Ẹ kú ilé o. Mò ń to káṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi ní Ìbàdàn, ni mo kan The Rhythm of the Saints, èyí tí Paul Simon gbé jáde lọ́dún 1990. Orin tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbogbo àwo náà, ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti dédé pe Olódùmarè. Òyìnbó New York! Ó ní Olódùmarè ń rẹ́rìn-ín lọ́run. Kò pẹ́, ó tún pe Babalú Ayé. Mo dá teèpù padà, mo tún un gbọ́. Bàbá mi ò sí mọ́ kí n bi wọ́n léèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ tipẹ́, ibo ló ti bá yín, kí lẹ sì rò?

Bàbá Onígìtá Mọ́kọ́lá
Ọmọ mi, o fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi. Kí n tó dé orí àwo yẹn, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Graceland, àwo tí Simon gbé jáde ṣáájú rẹ̀ ní 1986, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ ilé wa. Ṣé ẹ gbọ́ gìtá tó ń ké lábẹ́ orin tó ń jẹ́ Graceland gan-an? Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ta á. Ọmọ ẹgbẹ́ King Sunny Adé ni, òun ló ń ta gìtá Hawaii fún wọn, èyí tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé òun ni, mi ò sùn. Èmi náà ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú kan nígbà yẹn. A ò lókìkí, òkú ṣíṣe àti ìsọmọlórúkọ ni tiwa. Ọ̀gá wa ò fẹ́ gbọ́ orin òyìnbó kankan níbi ìdánrawò àfi ti Jim Reeves. Nígbà tí àwo tó tẹ̀ lé Graceland wá dé, àbúrò ẹni tó ń ta béèsì wa ló mú un ti Lọ́ńdọ́nù bọ̀. Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìlù sọ̀. Onígángan wa ń jẹ iṣu lọ́wọ́, ó gbé iṣu dúró lágbede méjì ẹnu, ó ní, "Èyí kì í ṣe inú ilé. Ìta ni wọ́n ti lù ú." Kò ka ìwé kankan o! Òótọ́ sì ni. Pelourinho ní ìlú Salvador, nílẹ̀ Brazil, ni wọ́n ti gba ìlù ẹgbẹ́ Olodum sílẹ̀, ní ìta gbangba. Etí onílù nìyẹn. Ó ti di olóògbé báyìí, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ṣèyí_Ṣèyí
Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá, àmọ́ ẹ ò tíì sọ ohun tẹ́ ẹ rò nípa Olódùmarè tó pè 😂

Bàbá Onígìtá Mọ́kọ́lá
Mi ò gbọ́ ọ. Gìtá ni mò ń gbọ́.

Àǹtí Houston
Ti Babalú Ayé ló mú èmi. Ará Cuba ni aládùúgbò mi nígbà tá a wà ní Miami. Tó bá ti di ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, á gbé ère San Lázaro jáde sí pálọ̀: arúgbó elégbò, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì lábẹ́ abíyá, ajá ń lá egbò ẹsẹ̀ rẹ̀. Á tan àbẹ́là, á fi sìgá ńlá tì í, á da owó ẹyọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní Babalú Ayé nìyẹn. Mo ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ni ín. Ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni mí o, mo kàn ń wòran ni. Ìgbà tí ọkọ mi wá fi àwo yìí sínú mọ́tò, tí mo gbọ́ pé Babalú Ayé ń fi ọ̀pá rẹ̀ pòyì, mo lọgun. Ọkọ mi tẹ bíréèkì, ó rò pé a ti gbá nǹkan.

Ọmọ Olóde, Ìjẹ̀bú
Ẹ jọ̀ọ́, Ọbalúayé wo ló ń lo ọ̀pá ìtilẹ̀? Ilé wa la ti ń bọ ọ́. Tí oòrùn bá mú, a kì í pe orúkọ rẹ̀ rárá, Olóde là ń wí, tàbí ká ní Ilẹ̀gbígbóná. Òun ló ń sọ ẹlòmíì di ẹni tó ń lo ọ̀pá! Lásárù inú Bíbélì ló ni ọ̀pá tí Àǹtí ń sọ. Òkè òkun ni wọ́n ti pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ṣèyí_Ṣèyí
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wá pe orúkọ rẹ̀ báyìí, aago kan ọ̀sán sì lù 👀

Ọmọ Olóde, Ìjẹ̀bú
Mo tẹ̀ ẹ́ ni, mi ò pè é.

Dókítà Àìsùn
Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde láti 1980 pé ṣọ̀pọ̀ná ti parẹ́ láyé. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọmọ Olóde, Ìjẹ̀bú
Àrùn ló parẹ́, Dókítà.

Ọmọ Ìkòyí ní Salvador
Ibi tí wọ́n ti lu ìlù yẹn ni mò ń gbé. Níbí, Olóde kì í lo ọ̀pá ìtilẹ̀. Omolu ni wọ́n ń pè é. Ìkó ló bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀, ṣàṣàrà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń jó. Gúgúrú ni wọ́n fi ń bọ ọ́, wọ́n á tún máa dà á léèyàn lára kí àìsàn lè bá a lọ. Tí ẹ bá rí ọ̀pá, Cuba ni. Ìyẹn ni pé Simon gba ìlù níbí, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ó gba àwòrán lọ́dọ̀ àwọn ará Cuba, ó wá sè wọ́n pọ̀ nínú ìkòkò kan. Èmi ò bá a jà. Kò sọ pé babaláwo ni òun.

Ní ti Olodum, 1979 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún kánífà, àwọn aláwọ̀ dúdú Pelourinho. Ara orúkọ Olódùmarè ni wọ́n ti gé tiwọn, nítorí náà orúkọ yẹn ti wà nínú ìlù kí Simon tó dé. Neguinho do Samba ló ń darí wọn nígbà yẹn. Lónìí, tí ẹ bá gba Pelourinho kọjá, Michael Jackson ni gbogbo ọlọ́jà ń fi pe àlejò, torí pé ó wá ya fídíò níbẹ̀ ní 1996. Àwọn tó dàgbà nìkan ló ń sọ ti Paul Simon. Obìnrin tí mo ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí n ra kún un.

Adé Peckham
Àkàrà ibẹ̀ yẹn, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, àbí?

Ọmọ Ìkòyí ní Salvador
Epo pupa ni. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á ki edé àti vatapá, ọbẹ̀ wọn kan tó ki, sí i.

Àǹtí Houston
Epo pupa kẹ̀? Òróró là ń lò.

Ọmọ Olóde, Ìjẹ̀bú
Àǹtí, ta ló mọ òróró nígbà ayé ìyá ìyá yín? Àwọn ará Bahia ló gbé ti àtijọ́ dání lọ. Àwa la yà kúrò lọ́nà.

Ìyá Alákàrà Ọ̀tà
Èmi tí mò ń dín in tà nìyí o. Òróró ni ti àwọn oníbúrẹ́dì àárọ̀, epo ni ti àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń jẹ. Kí ẹni tó bá ń jiyàn mú owó wá. Ẹ padà sórí orin yín.

Adé Peckham
Ó dáa, mo padà. Ìbínú ni mo fi gbọ́ àwo yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo wà ní yunifásítì ní Lọ́ńdọ́nù. Gbogbo òyìnbó kíláàsì wa ń jó o níbi àríyá, kò sí ọ̀kan tó lè dárúkọ onílù kan ṣoṣo. Àwo ta ni wọ́n ń rà? Ó ti kọ́kọ́ lọ sí Johannesburg ní 1985, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí olórin má tẹ ibẹ̀ nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìgbà tí ariwo ìyẹn pọ̀, ó tún gba Brazil lọ. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ilé onílé ló ti ń wá orin.

Bàbá Onígìtá Mọ́kọ́lá
Adé, fara balẹ̀. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Johannesburg yẹn, ìlọ́po mẹ́ta iye tí olórin ń gbà ní New York ló san fún wọn. Èmi ta gìtá fún ọmọ Yorùbá bíi tèmi fún ọdún pípẹ́, owó ọkọ̀ ló ń fún wa, a ó tún dọ̀bálẹ̀ gbà á. Nínú àwo tá à ń sọ yìí, Vincent Nguini, ará Cameroon, wà níbẹ̀. Òun àti Simon ni wọ́n jọ kọ orin The Coast, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ títí Nguini fi kú ní 2017. Ọ̀gá wo lẹ mọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọọṣẹ́?

Adé Peckham
Orúkọ ẹnì kan lórí orin kan. Àwọn onílù Olodum ńkọ́?

Bàbá Onígìtá Mọ́kọ́lá
Gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n lẹ́yìn ìgbà náà.

Adé Peckham
Mo ní owó ńkọ́, ẹ ń sọ òkìkí.

Ṣèyí_Ṣèyí
Bàbá, ó mú yín níbẹ̀ yẹn o.

Àyánkúnlé
Ẹ jẹ́ kí ọmọ Àyàn náà fẹnu sí i. Ìlù ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ní Brazil, ó gbé e lọ sílé, ó wá jókòó tì í, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò gbé lé e. Tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu akọrin là ń wò, bó bá sì gbàgbé oríkì ẹni tó ń kì, ìyáàlù á rán an létí lójú agbo. Ìlù Olodum inú àwo yìí kì í sọ̀rọ̀ bíi tiwa. Àwọn ìlù ńlá Olodum yẹn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń lù wọ́n, ìró kan ni kálukú ní, wọn ò lè ki baba ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀, torí ọkùnrin yẹn kò bá ìlù jà. Ìlù ń bú ramúramù, òun ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jíròrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn akọrin wa ì bá ti fọ́ máíkì.

Orin ìkẹyìn tẹ́ ẹ ń pariwo lé yìí, torí orúkọ tó pè nìkan lẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. The Cool, Cool River ni kẹ́ ẹ lọ gbọ́. Ẹ ka ìlù rẹ̀, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ijó tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ jó o, ẹsẹ̀ kan á máa ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Kọ́lá K.
Graceland dùn jù ú lọ. Mo ti lọ.

Àyánkúnlé
Padà wá síbí.

Bísí Leeds
Ẹ máa jà lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbí. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí iyè rẹ̀ ti ń ra, kò dá ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ọmọ náà kó CD sílẹ̀ fún wa, ó ní láti ìgbà tí Simon àti Garfunkel ti ń kọrin pọ̀ ni bàbá òun ti fẹ́ràn rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, bàbá bú gbogbo wa, kò wẹ̀, kò sùn, ó ju ife tíì. Mo mú CD kan láì wò ó, mo fi sí i. Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn. Ó ń fi ìka méjì ta apá àga, ìka yẹn kò tàsé ìlù lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó kan Olódùmarè, mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní orúkọ tí ìyá mi ń pè kí ó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn. Ó ní kí n tún un pè. Mo pè, ó pè, a jọ ń pè é títí oorun fi gbé e. Láti ọjọ́ yẹn, kò mọ Bísí o. Tí mo bá ti wọlé, "Olódùmarè!" ló fi ń kí mi. Mo ní bàbá, ẹ má kó mi sí wàhálà.

Ọmọ Àdùkẹ́
Háà, Àǹtí Bísí. Omi ń bọ́ lójú mi lẹ́nu iṣẹ́.

Dókítà Àìsùn
Orin kì í tètè kúrò lọ́kàn irú wọn. Mo rí ìyá kan tí kò mọ ọjọ́ tó wà, tó ń kọ orin Hàrúnà Ìṣọ̀lá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Adé Peckham
Ìtàn náà dùn, àmọ́ ó ti gún jù fún mi.

Bísí Leeds
Wá gba iṣẹ́ alẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, Adé, wàá mọ bó ṣe gún tó.

Àǹtí Houston
Ẹ fi Bísí sílẹ̀. Simon fúnra rẹ̀ ti darúgbó. Ẹni ọdún 81 ni nígbà tó gbé Seven Psalms jáde ní 2023, ẹnu iṣẹ́ yẹn ni etí òsì rẹ̀ ti di. Orin méje, ìṣẹ́jú 33, ó so wọ́n pọ̀ láì dúró. Ó ní ojú àlá ni wọ́n ti ní kí òun ṣe é.

Ṣèyí_Ṣèyí
Ojú àlá? Ẹ fún bàbá yẹn ní sùtánà, tiwa ni.

Àǹtí Houston
Júù ni, má ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣèyí_Ṣèyí
Ìyẹn ò dí sùtánà lọ́wọ́ o.

Ọ̀ṣun Ò Gbẹ
Ta ló ní àwo ńlá The Rhythm of the Saints tó fẹ́ tà? Òṣogbo ni mo wà.

Kọ́lá K.
Ó wà lórí Spotify.

Ọ̀ṣun Ò Gbẹ
Páálí rẹ̀ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ ka orúkọ àwọn onílù níbẹ̀.

Adé Peckham
Ẹ ṣeun! Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Bàbá Onígìtá Mọ́kọ́lá
Adé, lọ sùn.