Ọ̀rọ̀ ta ló yẹ ká tẹ̀ lé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe àdìrẹ n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí ara ọ̀gá wa ò ti yá, kò sẹ́ni tó yan ẹnikẹ́ni sípò, àmọ́ iṣẹ́ ń lọ. Tó bá di ti ìkòkò aró, ẹnu ẹ̀gbọ́n wa àgbà là ń wò. Owó wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò wa ló ń dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. Ó wù mí kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ti ṣèlérí aṣọ 20 fún ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n ní aró ò tíì ṣe é lò. Ó ti àkísà funfun bọ ìkòkò lójú wa, ó yọ ọ́, atẹ́gùn fẹ́ sí i, síbẹ̀ kò dúdú. Gbogbo wa kàn ń wojú ara wa.

A ti kọ iṣẹ́ oníkálukú sára ògiri, a sì ń ṣèpàdé láràárọ̀ Mọ́ńdè. Mo rò ó pé ká yan olórí kan, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé àbúrò yóò panu mọ́.

Tí iṣẹ́ ẹni méjì bá forí gbárí, báwo lẹ ṣe ń pinnu ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dúró, láìsọ ẹnì kan di ọ̀gá lé gbogbo yín lórí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.