Àbá mi lórí "àlòjíhìn": ọ̀rọ̀ tí a ń wá fún ìwé ilé-ìwé Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ará wa nínú ìjíròrò èdè yìí, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ni ní girama ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀. Ilé-ìwé wọn fẹ́ kọ ìwé olójú-ewé kan fún àwọn òbí, lórí bí àwọn ọmọ ṣe lè máa lo ChatGPT àti irú rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń bá èèyàn kọ̀wé, fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Ti Gẹ̀ẹ́sì ti wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí olùkọ́ wa kọ ti Yorùbá, kí wọ́n lè kà á nípàdé òbí àti olùkọ́, "ìlò ọgbọ́n àtọwọ́dá pẹ̀lú ojúṣe" ló fi ṣe àkọlé, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá wa tó wà l'Ádó-Èkìtì dá a lóhùn pé "ìlò ọmọlúàbí" ló dáa jù. Àbúrò wa tó wà ní yunifásítì l'Ọ́yẹ́ ní ká kúkú kọ "ìlò tó tọ́", kí ọ̀rọ̀ tán.

Èmi ò rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìwé yẹn yóò dé ọwọ́ ìyá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ni ohun tí ìyá náà máa gbọ́ láti ẹnu ilé-ìwé nípa ẹ̀rọ tó wà nínú fóònù ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá fún un ló máa fi bá ọmọ wí nílé, òun náà ló máa fi gbèjà ọmọ bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án.

Kí n tètè gbé "ọgbọ́n àtọwọ́dá" kúrò lọ́nà. Àwọn kan ṣì ń jà pé ẹ̀rọ ò lọ́gbọ́n, pé ká pè é ní "òye àtọwọ́dá" tàbí "làákàyè àtọwọ́dá". Lóòótọ́ ni kò lọ́gbọ́n. Kò lóye náà, kò sì ní làákàyè. Àsọdùn ti wà nínú orúkọ tí John McCarthy, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1955, a ò lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tún un ṣe. "Ọgbọ́n àtọwọ́dá" ti wọ ẹnu àwọn oníròyìn. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká gbájú mọ́ ohun tí èèyàn ń fi í ṣe.

Ojúṣe ni ohun tó já lé èèyàn léjìká. Ojúṣe òbí ni láti ra ìwé, ojúṣe olùkọ́ ni láti yẹ iṣẹ́ ọmọ wò. Ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ẹni tí iṣẹ́ kàn, kì í sọ bí ẹni náà ṣe ṣe é. Bí o bá lọ wí fún ìyá kan l'Ọ́jà Ọba pé kí ọmọ rẹ̀ máa lo ẹ̀rọ "pẹ̀lú ojúṣe", yóò bi ọ́ pé ojúṣe wo, ta ló yàn án fún un? Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni gbólóhùn yẹn yé, torí Gẹ̀ẹ́sì ("responsible") ni a fi aṣọ Yorùbá bò.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi lórí ti ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ náà wuyì, ṣùgbọ́n ìwà èèyàn lódindi ló ń tọ́ka sí, ó sì fẹ̀ ju ohun tí a ń wá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń kọ mí lóminú. Ọmọ lè jẹ́ ọmọlúàbí pátápátá, kó má purọ́, kó má fọwọ́ kan ohun olóhun, síbẹ̀ kó mú iṣẹ́ tó kún fún àṣìṣe wá sí kíláàsì, torí pé ó gba ẹ̀rọ gbọ́ bó ṣe ń gba àgbà gbọ́. Kódà, ọmọ tí a tọ́ dáadáa, tí a kọ́ pé kò gbọdọ̀ já àgbà nírọ́, òun gan-an ló lè tètè kó sí i. Ẹ̀rọ yìí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ tán. Kì í kálòlò, kì í sábà sọ pé "ó dà bíi pé". Ẹ̀kọ́ ilé nìkan ò lè kọ́ ọmọ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò.

Àbá tèmi ni "àlòjíhìn". À-lò-jíhìn: kí èèyàn lo nǹkan, kó sì lè jíhìn bí òun ṣe lò ó. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì, ilé kan náà ni òun àti "àlòkù" àti "àlòtúnlò" ti wá. Jíhìn náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń padà wá jíhìn: mo dé ibẹ̀, ohun tí mo bá nìyí, ohun tí mo ṣe nìyí. Olùkọ́ tó fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá ti rán an níṣẹ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni ọmọ yà lójú ọ̀nà, olùkọ́ ló máa padà wá bá. Bí olùkọ́ bá bi í pé ṣé o lò ó, apá wo lo lò ó fún, báwo lo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ó yẹ kó lè fèsì. Bí kò bá lè fèsì, kò tíì ṣe iṣẹ́ náà, ì báà jẹ́ pé gbogbo ohun tó kọ ló tọ̀nà.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ju "ìlò tó tọ́" lọ nìyẹn. Àbúrò mi, "tó tọ́" rọrùn lẹ́nu, mo gbà. Àmọ́ lójú ta ni? Ọmọ SS 3 tó ń wá WAEC yóò ní ohun tó bá ti mú òun yege ló tọ́. "Àlòjíhìn" kò fi í sílẹ̀ fún ojú ẹnikẹ́ni, ó béèrè ohun kan tí a lè dán wò ní kíláàsì.

Kì í sì í ṣe ọmọ nìkan ló bá wí. Olùkọ́ tó fi ẹ̀rọ ṣètò ìbéèrè ìdánwò, tàbí tó ní kí ẹ̀rọ bá òun máàkì iṣẹ́ ọmọ, òun náà gbọ́dọ̀ lè jíhìn fún òbí tó bá wá béèrè. A ò lè pe ẹ̀rọ wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Èèyàn ni yóò dúró níbẹ̀, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn jẹ́ kí ìyẹn hàn.

Mo mọ àtakò tó ń bọ̀. Ẹnì kan yóò sọ pé "jíhìn" ti di ọ̀rọ̀ EFCC, pé ẹni tó kó owó ìlú jẹ là ń ní kó wá jíhìn, pé yóò ba ọmọdé lẹ́rù. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, mi ò sì rí ìdí tí a fi máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí ọjà, tí wọ́n ń ka ṣéńjì lé ìyá wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú àlàyé, ti ń jíhìn láti kékeré.

Ìlà kan wà nínú àdàkọ olùkọ́ wa tó dùn mí: "Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ bí ó bá lo ẹ̀rọ." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "jẹ́wọ́" kúrò. Olè ló ń jẹ́wọ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń jẹ́wọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ, bó ti máa fi pamọ́ ló máa wá. Ẹ kọ pé "kí ó sọ ọ́", kí ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ti tó.

Ní ti ohun tí ẹ̀rọ máa ń ṣe nígbà tó bá hun ohun tí kò sí jọ, bí orúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí tàbí ọdún tí nǹkan ò ṣẹlẹ̀, àwọn kan nínú wa ń pè é ní "irọ́", àwọn kan ní "ìrànrán". Ẹni tó mọ òótọ́ tó fi í pamọ́ ló ń purọ́. Ẹni tí ibà ń ṣe ló ń sọ ìrànrán. Ẹ̀rọ ò sí nínú méjèèjì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yan ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù kó tẹ̀lé èyí tó ti wà nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí i nínú ohun púpọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀nà kan náà ló fi ń bá òótọ́ pàdé tó sì fi ń ṣìnà, ara rẹ̀ ò gbóná nígbà kan ju ìgbà kan lọ. Mo dábàá "ọ̀rọ̀ àgbélẹ̀rọ", bí a ṣe ń sọ ìbọn àgbélẹ̀rọ: ó jọ ti iléeṣẹ́ lójú, ó ní ìdí, ó ní ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yìn ín láìyẹ̀ ẹ́ wò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án. Bí ọmọ kan bá bi ẹ̀rọ nípa ogun Kírìjì, tó sì gba orúkọ balógun kan tí kò sí rí, ó yẹ kó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ, pé òun sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1886, kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì. Àgbà tó mọ ìtàn Fábùnmi, ọ̀kan nínú àwọn balógun ogun náà, ṣì wà l'Ókè-Ìmẹ̀sí.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé lórí jù ni àmì ohùn. Mo bẹ ilé-ìwé náà, wọn ò gbọdọ̀ tẹ ìwé yìí láìfi àmì sí i. Ẹ wo gbólóhùn kan tó wà nínú àdàkọ wọn, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́: "Lo ero re." Ṣé "lo èrò rẹ" ni, àbí "lo ẹ̀rọ rẹ"? Gbogbo àríyànjiyàn ayé lórí ọ̀rọ̀ yìí wà láàárín èrò àti ẹ̀rọ, ìwé tó fẹ́ tọ́ òbí sọ́nà sì lé méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ kan. Bákan náà ni "o fi ero ko o". Ọmọ tó fi ẹ̀rọ kọ́ ọ ti kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó fi ẹ̀rọ kọ ọ́ ti wá ẹni bá a kọ̀wé. Olùkọ́ ń wá ọmọ àkọ́kọ́, ó ń bá ọmọ kejì wí, àmì kékeré méjì ló sì yà wọ́n.

Ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ fi í kọ́ nǹkan lóòótọ́. Ní Benin City lọ́dún 2024, Báńkì Àgbáyé bá ìjọba Ẹdó ṣe ètò kan: àwọn ọmọ girama ń dúró lẹ́yìn ìparí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n ń fi Copilot, ẹ̀rọ ti Microsoft tó jọ ChatGPT, kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ wọn sì wà níbẹ̀ tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn tó kópa ṣe dáadáa nínú ìdánwò ìparí ju àwọn tí kò kópa lọ. Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì.

Ẹnì kan pe àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ yàtọ̀ sí ti èèyàn ní "atúdìí-àṣírí". Orúkọ yẹn léwu. OpenAI tó ṣe ChatGPT ṣe ọ̀kan, ó sì kó o kúrò nílẹ̀ ní oṣù keje 2023 torí pé kì í sábà dá a mọ̀ dáadáa. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yẹ àròkọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì TOEFL wò, àròkọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn, ó sì pe ohun tó lé ní ìdajì nínú wọn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èèyàn ló kọ gbogbo wọn. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àròkọ wà nínú irú ewu yìí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ẹ̀rọ ìfura", kí olùkọ́ lè máa rántí pé ìfura ló rà, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ohun kékeré kan: "akẹ́kọ̀ọ́" tí wọ́n lò jálẹ̀ ìwé náà ti kó ọmọ JSS 1 pọ̀ mọ́ ti SS 3. Ìtọ́sọ́nà tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án 2023 dábàá pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ máa dá lo irú ẹ̀rọ yìí nínú kíláàsì, ọ̀pọ̀ ọmọ JSS 1 ò sì tíì pé bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ kíláàsì tí wọ́n ń bá wí.

Lórí ìbéèrè pé ṣé ká kọ ọ́ ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ẹni tó máa kà á nípàdé fi ẹnu Èkìtì kà á. Ẹni tó ń pe ilé ní "ulé", tó ń pe iyán ní "uyán", mọ bó ṣe máa yí i. "À" ló bẹ̀rẹ̀ "àlòjíhìn", kì í ṣe "i" tí ẹnu Èkìtì ń sọ di "u", kò sí ibi tí yóò ti kọsẹ̀.

Gbólóhùn tí mo bá yín kọ rèé, kí ẹ gé e bí ó bá gùn: "Àlòjíhìn ni a fẹ́ kí ọmọ yín máa lo ọgbọ́n àtọwọ́dá: kí ó fi kọ́ ẹ̀kọ́, kí ó yẹ ohun tó bá rí níbẹ̀ wò, kí ó sọ fún olùkọ́ pé òun lò ó, kí ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó kọ."

Olùkọ́ wa, bí ìpàdé bá dé, ẹ ka èyí sí wọn létí, kí ẹ sì ka "ìlò tó tọ́" tẹ̀lé e. Kí ẹ wá bẹ ìyá kan tí kò lọ sílé-ìwé pé kó tún un sọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ tó bá lò gan-an ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ó bá yàtọ̀ sí tèmi tó sì yé àwọn ìyókù jù ú lọ, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ sínú ìwé.