Re: x ni "àìmọ̀"? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà wá

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé.

Mo ti ka ìmeèlì tí ọ̀gá wa kọ lọ́jọ́ Àìkú, èyí tí wọ́n fi to ọ̀rọ̀ ìṣirò sílẹ̀ kí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè máa fi Yorùbá ṣe ìdánrawò, láti áljẹ́brà dé jẹ́ọ́mẹ́tìrì dé sìtàtísíìkì. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní ká máa pe x, lẹ́tà tó dúró fún nọ́ńbà tá à ń wá, ní "àìmọ̀", mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ mu omi, mo padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Mo ní kí n fi dán ọmọ àbúrò mi wò, ó wà ní kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì. Mo tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i láìfàmì sí i, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ (ẹ má díbọ́n): "4x − 6 = 14, wa aimo." Ọmọ dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ ló bá fèsì: "Àǹtí, ṣé ó dọ̀tí ni?"

Kí ni kí n wí? Àìmọ̀ lèmi ń sọ, àìmọ́ ló kà. Ẹ̀mí àìmọ́ nìkan ló ti ń gbọ́ látìgbà tí wọ́n ti bí i.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá wa máa ní àmì ohùn ni ká fi sí i, ọ̀rọ̀ tán. Kò tán o. Ká tiẹ̀ fàmì sí i láti òkè délẹ̀, "àì" yẹn gan-an ni mo ń bá jà. Àìsùn, àìlówó, àìgbọ́n, àìsinmi, ipò tẹ́nì kan wà ni gbogbo wọn. Ẹni tí kò mọ̀ ló ni àìmọ̀, kì í ṣe nǹkan tí wọn ò mọ̀ ló ni ín. Tí mo bá sọ fún yín pé "àìmọ̀ yín ló fa èyí", ṣé ẹ máa rò pé x ni mò ń bá wí? Ẹ̀gbọ́n kan ti sáré bọ́ síta pé "ohun àìrí" ńkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dá ara yín lóhùn, "ohun" ló ṣíwájú ẹ̀. Ẹ yọ ohun kúrò kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá àìrí á lè dá dúró.

Ẹlòmíì ní ká kúkú pè é ní "nǹkan", kò sì burú tó bẹ́ẹ̀. Al-Khwarizmi fúnra rẹ̀, tó kọ̀wé nípa áljẹ́brà ní Baghdad ní nǹkan bíi ọdún 820, kò lo x rárá, "shay" ló ń pè é, tó túmọ̀ sí nǹkan ní èdè Lárúbáwá. Descartes, ará Faransé, ló wá fi x, y, z sílẹ̀ fún èyí tá à ń wá lọ́dún 1637, ó sì fi a, b, c sílẹ̀ fún èyí tá a ti mọ̀. Nítorí náà bí ẹnìkan bá ń pariwo pé x ni ojúlówó, ẹ sọ fún un pé nǹkan ti wà kí x tó dé. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé "nǹkan mẹ́rin" lẹ́nu Yorùbá, nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. 4x kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyọ nǹkan kan náà ni, ní ìlọ́po mẹ́rin.

Èmi o, àwárí ni mo fara mọ́. À-wá-rí, à ń wá a, a sì máa rí i. Àwárí ṣáà lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, àbí wọn kì í pa á lówe nílé yín ni? Ọ̀gá wa ti fèsì pé kò lè jẹ́ àwárí nígbà tí a ò tíì rí i. Ṣé obìnrin yẹn ti rí nǹkan ọbẹ̀ ọ̀hún kí wọ́n tó pa á lówe ni? Ohun tó tún mú un dùn mọ́ mi ni pé èkejì ẹ̀ ti wà nílẹ̀ dè wá. x + 3 = x + 5, kò sí nọ́ńbà tó lè mú un dọ́gba láé. Kí la fẹ́ pe ìyẹn? Àwátì! Ó di àwátì. Ẹ fi "àìmọ̀" ṣe irú ẹ̀ kí n rí i.

Mo wá tún iṣẹ́ ọmọ yẹn kọ báyìí: àwárí ìlọ́po mẹ́rin, ó dín mẹ́fà, mẹ́rìnlá ni. Kíá ló fi mẹ́fà tó dín yẹn padà sí i níhà méjèèjì, ó di ogún, ó pín in sí mẹ́rin, márùn-ún. Ẹ ṣàkíyèsí "ó dín" yẹn. Bàbá tó bí bàbá mi kò wọ kíláàsì rí, ṣùgbọ́n kò lè ka nǹkan kó má yọ, kó má rò ó pọ̀. Mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlélógún, ogún kan náà ni, mẹ́rin kan náà ni, dín àti lé ló yà wọ́n. Èwo wá ni "máínọ́ọ̀sì" tí ọ̀gá wa tún kọ sínú ìwé wọn?

Dídá tó dá mẹ́fà yẹn padà gan-an ni al-jabr, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí orúkọ áljẹ́brà ti wá. Àwọn Lárúbáwá máa ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún títo eegun tó ṣẹ́. Tẹ́nì kan bá ní ká máa pe áljẹ́brà ní ìtòpadà, mi ò ní bá a jà.

Lórí bóyá ìdọ́gba ni ká máa pe irú 4x − 6 = 14 tàbí ọ̀mì, mi ò dá sí i. Ọ̀mì dùn lẹ́nu ọlọ́pọ́n ayò lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí eré bá parí la máa ń sọ pé wọ́n ta ọ̀mì, nígbà tó jẹ́ pé ìdọ́gba la fi ń bẹ̀rẹ̀ níbí.

Jẹ́ọ́mẹ́tìrì ò ní wàhálà púpọ̀, tí ẹ bá ti lè fi igun sílẹ̀ ní igun. Nínú ìwé ọ̀gá wa, "igún mẹ́ta" ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyẹ ni o! Mo fún ọmọ yẹn ní onígun mẹ́ta kan, igun kìíní jẹ́ àwárí, èkejì jẹ́ ìlọ́po méjì ẹ̀, ẹ̀kẹta ìlọ́po mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀ para pọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà, igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́ta sì máa ń jẹ́ ọgọ́sàn-án dìgírì. Ọgbọ̀n, ọgọ́ta, àádọ́rùn-ún. Ẹnìkan ní ọmọ wo ló mọ ọgọ́sàn-án mọ́ láyé ìsinsìnyí. Ogún mẹ́sàn-án ni, ọmọ tó mọ ìlọ́po mẹ́fà ni ò ní mọ ogún mẹ́sàn-án?

Ìbínú mi padà ní sìtàtísíìkì. Ọ̀gá wa fi "àárín" pe nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mean, median àti mode. Ẹ mú 2, 3, 3, 5, 7, 10. Tẹ́ ẹ bá rò wọ́n pọ̀ tẹ́ ẹ pín in sí mẹ́fà, 5 ni, ìyẹn ìpíndọ́gba, bí ìgbà tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ jọ tí wọ́n pín in lọ́gbọọgba. Tẹ́ ẹ bá wo agbedeméjì ìlà, 3 àti 5 ló wà níbẹ̀, ìdajì àròpọ̀ wọn jẹ́ 4, ìyẹn nìkan ló lè jẹ́ orúkọ àárín. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni 3. Ìdáhùn mẹ́ta, orúkọ kan! Tí ọmọ bá kọ 4 síbi tí tíṣà ń retí 5, ta ni ká nà? Mi ò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún èyí tó wọ́pọ̀ jù o, "àpọ̀jù" tẹ́nì kan dá lábàá kò lè ṣe é, àṣejù ni ìyẹn.

Ọ̀gá wa ti rán wa létí pé ọgbọ̀n ọdún làwọn fi ṣe tíṣà. A gbọ́, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ ṣáà fi ìwé yẹn ránṣẹ́ padà kí n bá yín yọ àwọn igún inú ẹ̀ kúrò.