Ìrù wo la fẹ́ so mọ́ orúkọ ìsọ̀ Màmá?

Ọmọ Ìtòkú, Manchester

Ẹ kú àjò o, gbogbo ilé. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ nílé, ojoojúmọ́ ni mo sì ń tẹ̀ lé Màmá lọ sí ìsọ̀ wọn ní Ìtòkú. Àdìrẹ oníko àti ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń tà, kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti wà ńbẹ̀. Àwọn oníbàárà òkè òkun ti wá pọ̀ kọjá ohun tí WhatsApp lè gbà. Ẹnì kan fẹ́ yáàdì márùn-ún, ẹnì kejì ń béèrè bóyá aró rẹ̀ máa ń ṣí, ẹnì kẹta ti sanwó, a ò sì rí àdírẹ́sì tó fi ránṣẹ́ mọ́.

Mo ní ká ṣí ìkànnì kékeré kan. Orúkọ kò fa wàhálà, ìrù tí a ó so mọ́ ọn, ìyẹn ohun tó máa ń gbẹ̀yìn àdírẹ́sì ìkànnì bíi .com, ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní .com.ng ni, torí ilé lọjà wà. Èmi ní .co.uk, torí ọ̀dọ̀ wa ni owó ti ń wọlé jù. Àbúrò wa ní .shop, pé kò wọ́n. Màmá ní àwọn ò mọ ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì, Dublin

Àbúrò mi, bá mi kí Màmá dáadáa. London ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta gèlè. Mo gba .eu, mo ní gbogbo Yúróòpù ni ọjà mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sára báàgì, sára káàdì, sára rìsíìtì. Àfi bí Brexit ṣe dé, tí ìlú ọba kúrò nínú European Union. Ẹni tó bá ń gbé ìlú ọba, tí kì í sì í ṣe ọmọ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè European Union, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí .eu mọ́. Oṣù Kìíní 2021 ni wọ́n ti tèmi pa, nígbà tó fi máa di 2022 ó ti kúrò lọ́wọ́ mi pátápátá. Kò sí ẹni tó jí i, n kò sì jẹ gbèsè. Òfin ló yí. Nígbà tí mo wá kó dé Dublin tí mo tún lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ẹlòmíràn ti gbé e. Báàgì ṣì wà nínú yàrá mi, ó tó igba. Ìrẹsì òfàdà ni mo ń fi wọ́n bù fún àwọn ọ̀rẹ́.

Ìrù tó bá so mọ́ ìwé ìgbélùú, ọjọ́ tí ìwé bá yí ló ń já.

Ọmọ Kẹ́mta, Toronto

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Bí .ca náà ṣe rí nìyẹn. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ẹni tó ní PR (ìwé àṣẹ láti máa gbé ibí títí) àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí wà lára àwọn tó lè gbà á. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ojú lásán ni mo fi ń wò ó. Ẹ sì mọ̀ wá: ẹni tó wà ní Manchester lónìí lè bá ara rẹ̀ ní Calgary lẹ́yìn ọdún méjì.

Ará Panṣẹ́kẹ́

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi ò jáde, ilé ni mo wà. Iṣẹ́ ìkànnì ni mo ń ṣe.

NiRA, àjọ ìforúkọsílẹ̀ ìkànnì Nàìjíríà, ló ń bójú tó .ng. Ẹ lè gba .ng gan-an, ẹ sì lè gba .com.ng, èyí tó rọjú jù tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ń lò. Bó bá jẹ́ pé ará Abẹ́òkúta, Èkó àti Ìbàdàn ni yóò máa rà á, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: .com.ng. Google máa ń fi ìrù orílẹ̀-èdè mọ ibi tí ìkànnì kọjú sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí Atlanta tó ń wá àdìrẹ, kí ni .ng fẹ́ ṣe fún un? Bákan náà ni .co.uk, yóò ṣe yín lóore ní Manchester, kò ní ṣe é ní Houston. Ti .co.uk tún ní ìkọ̀kọ̀ kan: láti 2014 ni wọ́n ti ṣí .uk lásán, nítorí náà ẹ lè ní ọ̀kan kí ẹlòmíràn ní ìkejì.

Ní ti .shop, kò sí ohun tó ṣe é. Google kì í tìtorí rẹ̀ gbé yín ga, kì í sì í tìtorí rẹ̀ rẹ̀ yín sílẹ̀. Owó ni kí ẹ wò. Iye ọdún àkọ́kọ́, ìdẹ ni. Iye tí wọn yóò gbà lọ́dún kejì ni kí ẹ béèrè, ẹ lè ta gìrì. Àwọn èyí tí wọ́n ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ rí, bíi .tk, ẹ sá fún wọn. Àwọn oníjìbìtì ti bà wọ́n jẹ́.

Ohun tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu yín nìyí: ta ló ni .com orúkọ yín? Bí ẹ bá pe .com.ng fún èèyàn lórí fóònù, .com ni yóò tẹ̀ tí yóò dúró. Oníbàárà mi kan ń ta bàtà. Ẹlòmíràn ló ni .com orúkọ rẹ̀, bàtà lòun náà ń tà, kì í tilẹ̀ ṣe Nàìjíríà ló wà. Ìpolówó tí oníbàárà mi san lórí rédíò, ẹni yẹn ló ń bá a jẹ ẹ́. Bí .com bá ti lọ, ẹ yí orúkọ díẹ̀, ẹ má yí ìrù.

Bàbá Láfẹ́nwá, Houston

Ọmọ Panṣẹ́kẹ́, o káre. Ṣùgbọ́n orúkọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àdírẹ́sì ìkànnì kì í sábà gbé àmì ohùn. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan níbí ń ta gàrí àti láfún, ó sọ ìkànnì rẹ̀ ní Oko Mi. Bó ṣe di okomi lórí ẹ̀rọ, àwọn kan pè é ní ọkọ mi. Ẹnì kan kà á sí ọkọ̀ mi, ó kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n wá gbé òun ní pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀nà kẹrin tí èèyàn lè gbà kà á, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ọmọdé wà láàárín wa.

Ọmọ Kẹ́mta, Toronto

Ẹ̀rín pa mí o! Bàbá, ṣé a ò lè fi àmì sí i ni?

Ará Panṣẹ́kẹ́

Ó ṣeé ṣe níbòmíràn, ṣùgbọ́n xn-- ni kọ̀ǹpútà máa ń yí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí lábẹ́lẹ̀, àwọn lẹ́tà tí èèyàn ò lè kà á sì tẹ̀ lé e. Bí íméèlì bá gbé e jáde bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tẹ̀ ẹ́? Kọ àmì sára pátákó ìsọ̀, kọ ọ́ sójú ìkànnì, fi àdírẹ́sì sílẹ̀ láìní àmì.

Ọmọ Kẹ́mta, Toronto

Ọ̀kan ló kù lọ́kàn mi. Ẹni tó ṣe ìkànnì fún mi lákọ̀ọ́kọ́, orúkọ àti íméèlì ara rẹ̀ ló fi gbà á. Ọjọ́ tí a jà, ó gbé orúkọ mi lọ. Ẹ rí i pé Màmá ló ni ín nínú ìwé.

Ọmọ Ìtòkú, Manchester

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá nísọ̀. Oko mi yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. .com wa ṣì wà, a ti gbà á lálẹ́ àná, ọdún mẹ́ta. A gba .com.ng tẹ̀ lé e kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, orí .com ni yóò já sí. Orúkọ Màmá àti íméèlì wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fajú ro díẹ̀.

Màmá béèrè pé ṣé a ó tún san án bí ọdún bá pé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní owó ìsọ̀ nìyẹn, kí n yé pè é ní rírà.

Ará Panṣẹ́kẹ́

Màmá mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ oníbàárà mi lọ. Bí wọ́n bá pa .com rẹ́ torí pé ẹ ò san, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti rà á padà, owó ìtanràn á sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti ẹni tó bá yára. Ẹ jẹ́ kí káàdì máa san án fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí káàdì náà yóò kú sílẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú, Manchester

Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé gbèsè Màmá, ibẹ̀ ni wọn kì í gbàgbé wò. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń padà. Ẹni tó bá fẹ́ àdìrẹ kó tètè sọ̀rọ̀, kílò 23 méjì péré ni mo ní, ẹ̀lùbọ́ sì ti gba ìdajì ọ̀kan.