Mo ti já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ nínú pandas, báwo ni mo ṣe fẹ́ tò ó padà?

Tóbi_Pandas:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kọ́mẹ́ǹtì táwọn èèyàn kọ lédè Yorùbá ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú pandas (irinṣẹ́ Python tó ń to dáta sínú tábìlì), mo fi RegexpTokenizer ti NLTK (irinṣẹ́ Python fún ọ̀rọ̀) pẹ̀lú r'\w+' (ìyẹn lẹ́tà tàbí nọ́mbà tó tẹ̀léra) já a sí líìsì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo yọ "ti", "ni", "sì" àtàwọn ẹgbẹ́ wọn kúrò, mo wá séèfù ẹ̀ sí CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán). Nígbà tí mo ṣí i padà tí mo fẹ́ gbé e fún TfidfVectorizer tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́mbà, òun ò gba líìsì, odidi gbólóhùn ló ń bèèrè, ni mo bá fi join tò wọ́n pọ̀:

df['odidi'] = df['oro'].apply(' '.join)

Ohun tí mo rí rèé:

[ ' o w ó ' ,   ' e p o ' ,   ' w ọ ' ,   ' n ' ]

Kí lèyí báyìí? Ọ̀rọ̀ ni mo ní kó tò, lẹ́tà ló ń tò. Ẹ gbà mí, sùpáfáísọ̀ mi ti ń pè o.

Àǹtí Dáta:
Join ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan, CSV ni kó o mú. CSV ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ líìsì, bó o ṣe séèfù ẹ̀ ló ti sọ gbogbo ẹ̀ di string (lẹ́tà tó tò tẹ̀léra lásán), àti bírákẹ́ẹ̀tì àti kọ́mà, torí náà lẹ́tà ni join rí níbẹ̀, ló bá ń fi àlàfo sáàárín wọn lọ. Tẹ type(df['oro'].iloc[0]) wò, wàá rí str, ìyẹn string. Ṣe báyìí kó o tó join, á sọ ọ́ padà di líìsì:

import ast
df['oro'] = df['oro'].apply(ast.literal_eval)

Lọ́jọ́ mìíì séèfù ẹ̀ sí pickle (fáìlì Python fúnra ẹ̀), líìsì á jáde bó ṣe wọlé.

Tóbi_Pandas:
Àǹtí, ẹ ṣé gan-an ni, ó ti jáde: "owó epo wọ n". Ẹ ò ní rí ìjà dáta láéláé 😂

Bọ̀dá Àmì:
Tóbi má tíì lọ. Kí ni "wọ n" yẹn? "Owó epo ti wọ́n" lẹ́ni náà kọ, àbí? \w+ ló jẹ àmì orí ẹ̀. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ó, à, ṣ, àmọ́ kò ní fún ọ́, ọ̀, ẹ́, ẹ̀, lẹ́tà kan àti àmì kan tó dá dúró ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, Python ò sì ka àmì yẹn mọ́ lẹ́tà, ló ṣe ń já ọ̀rọ̀ níbẹ̀ tó ń ju àmì nù. "Ọ̀rọ̀" á di "Ọ" àti "rọ". Kò sí join tó lè dá a padà, kò kúkú sí nínú líìsì mọ́. Padà sí kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ kó o má tíì dílíìtì ẹ̀, kó o tún un já, kó lè ka àmì orí mọ́ ọ̀rọ̀:

RegexpTokenizer(r'[\w\u0300-\u036f]+')

Èyí tó tiẹ̀ burú ni pé TfidfVectorizer fúnra ẹ̀ tún máa ń já ọ̀rọ̀, \b\w\w+\b ló bá wá láti ilé, á tún ba àmì jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, á sì ju ọ̀rọ̀ onílẹ́tà kan bí "ó" àti "a" nù. Kí lo wá ń tò ó padà fún? Gbé líìsì ẹ fún un bẹ́ẹ̀, kó má tún já a mọ́:

TfidfVectorizer(analyzer=lambda x: x)

Àǹtí Dáta:
Bọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ, mi ò tiẹ̀ wo ibi "n" yẹn. Tóbi, tó o bá lo analyzer báyìí, lowercase ẹ̀, tó ń sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ o, "Owó" àti "owó" á di ọ̀rọ̀ méjì, torí náà ṣe .lower() àti unicodedata.normalize('NFC', x) kó o tó já a, torí fóònù kan lè kọ ó bí ẹyọ kan kí òmíì kọ ọ́ bíi méjì, NFC ló máa sọ méjèèjì di bákan náà.